Wọ́n ní ká pe ọlọ́pàá torí aláìsàn kan tó jẹ́ gay. Ṣé òfin sọ bẹ́ẹ̀?

Àdùkẹ́RN

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará. Àwọn tó mọ̀ nípa òfin àti ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ wa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọlé fún iṣẹ́ alẹ́, àwọn tó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán ń fa iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́, dípò kí wọ́n sọ ti BP àti oògùn, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ni wọ́n bá ní ọmọkùnrin kan wá, kò lè jókòó dáadáa, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ń jáde ní ìdí ẹ̀. Háúsì ọfísà (dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́) tó rí i ṣe dáadáa o, ó ti ilẹ̀kùn, ó bi í jẹ́jẹ́, ọmọ náà sì sọ òótọ́ fún un pé ọkùnrin lòun ń bá lò. Dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì torí kó lè tọ́jú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbé fáìlì lọ sí láàbù kà á lójú ọ̀nà, kí ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ gbogbo ọsibítù ti gbọ́. Àwọn tí kò níṣẹ́ kankan ní wọ́ọ̀dù wa ń yọjú wá wò ó, ẹnìkan tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó ń wá gílóòfù. Atẹ́ńdáǹtì wa kan dúró ní kọ́rídọ̀ ó ń pariwo pé ẹ pe ọlọ́pàá, ọdún 14 ni. Àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán, ló bá gbé e sílẹ̀ nínú tíréè, ó ní òun ò lè fọwọ́ kàn án àyàfi kí òun kọ́kọ́ gbàdúrà lé e lórí. Ọmọ yẹn gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó wọ bàtà ẹ̀, ó lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé lóòótọ́ ni òfin ní ká lọ fẹjọ́ sun? Torí wọ́n ń sọ níbi iṣẹ́ pé ẹni tó bá tọ́jú ẹ̀ náà ti di alábàṣe. Ìkejì, èsì láàbù ẹ̀ ti jáde, àtọ̀sí ni, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ wa, nọ́ńbà fóònù ẹ̀ sì wà lórí káàdì, ṣé kí n pè é? Tó bá sì padà wá, kí ni màá bi í tí kò fi ní dà bíi pé mò ń tọ pinpin ẹ̀? Wọn ò kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì o, ká má purọ́. Ẹ má wá wàásù fún mi ṣá, mo ní pásítọ̀.

Lọ́yà Àgbà

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Kò síbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe wà nínú ìwé kẹ́ ẹ lè rí nǹkan fi dá wọn lóhùn.

Òfin tí gbogbo èèyàn ń pè ní òfin gay, èyí tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014, orí ìgbéyàwó ló dá lé. Ọdún 14 fún àwọn tó bá fẹ́ra wọn, ọdún 10 fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ń ṣe ìfẹ́ náà ní gbangba, ọdún 10 fún ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó yẹn tàbí tó ṣe àtìlẹ́yìn fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ alábàṣe tí wọ́n ń sọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, wọn ò kàn kà á dópin. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sí wọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ọdún 14 kejì wà nínú Criminal Code tí a ń lò ní gúúsù, section 214, èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa, ìyẹn ló kan ìbálòpọ̀ gan-an, síbẹ̀ òun náà ò ní kí nọ́ọ̀sì máa ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wò ó, tí ìjọba bá fẹ́ kí ọsibítù pe ọlọ́pàá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Òfin ọta ìbọn ti 2017 kọ ọ́ gbangba pé kí ọsibítù tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ìwé ọlọ́pàá wà o kò sí o, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí 2 tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ lọ wá irú ẹ̀ fún ẹni tó ní àtọ̀sí, ẹ ò ní rí i.

Èyí tó wà ni National Health Act 2014. Section 26 ní àṣírí ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ àìlera ẹni, ìtọ́jú ẹ̀ àti wíwà tó wà ní ọsibítù, àyàfi tí òun fúnra ẹ̀ bá kọ̀wé pé òun gbà, tàbí kóòtù pàṣẹ, tàbí òfin kan béèrè fún un, tàbí ó jẹ́ ewu ńlá fún ará ìlú. Section 20 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún èèyàn nítorí ìdíkídìí, ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ló wà fún ẹni tó bá kọ̀, tàbí méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó yẹ kó máa bẹ̀rù ẹjọ́ nínú ìtàn yín, ẹni tó ka fáìlì lójú ọ̀nà ni.

Ẹ ó rántí àwọn ọkùnrin tí ọlọ́pàá kó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Egbeda l'Ékòó ní 2018. Wọ́n gbé 47 nínú wọn lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin 2014 yẹn. Ní October 2020 adájọ́ Federal High Court fọ́ ẹjọ́ náà dànù, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ò lè kó ẹlẹ́rìí wá. Ó yẹ kí atẹ́ńdáǹtì yín gbọ́ ìyẹn kó tó fi fóònù ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Aládùúrà

Lọ́yà ẹ kú làálàá o, ṣùgbọ́n òfin ènìyàn lẹ̀ ń kà, ti Ọlọ́run ńkọ́? Mi ò ní kí wọ́n lù ú, mi ò sì ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, ìyẹn ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ní òun fẹ́ gbàdúrà yẹn, kí ló burú níbẹ̀? Òun náà ní ẹ̀rí ọkàn tiẹ̀. Tí a bá ń tọ́jú wọn láìsọ nǹkan kan, ṣé kò dà bíi pé a fọwọ́ sí i ni? Ibi tí ayé ń lọ yìí ń bà mí lẹ́rù o.

Bàbá Ìyàwó

Ẹ gbé e lọ sí Aro l'Ábẹ́òkúta jàre. Àìsàn orí ni.

Ọmọ Dátà

@Bàbá Ìyàwó, World Health Organization ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àìsàn láti 17 May 1990. Ti transgender náà (ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara ẹ̀ sí obìnrin, tàbí òdìkejì ẹ̀), ní 2019 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lára àìsàn ọpọlọ nínú ìwé tuntun wọn. Àwọn dókítà tó wà ní Aro mọ̀. Tí ẹ bá gbé e débẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi pé kí lẹ wá ṣe.

Màmá Mátírọ́ọ̀nù

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fún mi ní query mọ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀.

Ọmọ Aládùúrà, ṣọ́ọ̀ṣì lèmi náà ń lọ, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Àdúrà dára. Gbà á ní ilé, gbà á nínú ọkàn bí o ṣe ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó dùbúlẹ̀, tí ìdí ń ro, tí kò lè dìde, tí o wá dúró lé lórí pé o kọ́kọ́ fẹ́ lé nǹkan jáde lára ẹ̀ kí o tó fún un ní oògùn, ìyẹn kì í ṣe àdúrà mọ́, o ti fi oògùn rẹ̀ dù ú. Tí òun bá ní kí o bá òun gbàdúrà, kúnlẹ̀ kí o gbà á. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá tọ́jú ti fọwọ́ sí i, mo ti tọ́jú adigunjalè tí ọlọ́pàá fi ṣẹ́ẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wẹ ojú egbò ẹ̀ láràárọ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé Mátírọ́ọ̀nù ti fọwọ́ sí olè jíjà.

Nǹkan tí ẹ ò mọ̀, ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí, ni bó ṣe rí nígbà tí éèdì kọ́kọ́ dé. Ojú wa báyìí la ṣe rí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n á fẹsẹ̀ tì í wọlé. Wọ́n á kọ nǹkan pupa gàdàgbà sí iwájú fáìlì kí gbogbo èèyàn lè mọ̀. Àwọn aláìsàn ò wá mọ́, wọ́n ń kú sílé, àwọn ẹbí á ní ayé ló ń dà wọ́n láàmú. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jáde ní August 1997 tó sọ fáyé pé éèdì ló pa Fela àbúrò òun, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé àìsàn náà wà ni. Dókítà ọmọdé ni, ó sì ti ṣe mínísítà ìlera rí, ó mọ ohun tí ìpamọ́ ń fà. Mi ò fẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀ èyí tí a ti ṣe tán.

Ẹ Má Bèèrè Orúkọ

Ẹ ṣeun mà, Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fi wá wé adigunjalè, mi ò já ẹnikẹ́ni lólè.

Èmi náà ni irú ọmọ yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún yín torí mo rò pé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ò mọ̀. Tí mo bá ń lọ sí ọsibítù mo ti máa ń ro irọ́ tí màá pa láti ilé, màá ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà wà, màá fún un lórúkọ, torí wọ́n máa bi mí pé ṣé mo ti gbéyàwó, tí mo bá sì sọ pé rárá wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní kí ló dé, àgbà ti ń dé o, tí mo bá wá ní àìsàn ní ibi tí irọ́ ò lè dé ńkọ́, màá ní ojú ilé ìgbẹ́ ni mo ti kó o, dókítà náà á gbà á bẹ́ẹ̀, á fún mi ní oògùn tí kò bá àìsàn mu, èmi náà á gbé e mì torí kí n ṣáà lè kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé nǹkan kan káàkiri títí tí mi ò fi lè wọ ọkọ̀ jókòó. Ìgbà tí mo wá rí klíníìkì kan l'Ékòó tí wọ́n ń tọ́jú irú wa, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò gbójú sókè gan-an, ó kàn bi mí pé ẹnu, iwájú tàbí ẹ̀yìn, níbo la ti máa gba àyẹ̀wò, bí ẹni tó ń béèrè pé tíì àbí kọfí. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mò ń padà lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ transgender, wọ́n kọ orúkọ ọkùnrin sórí káàdì ẹ̀, obìnrin sì ni ìmúra ẹ̀ àti irun ẹ̀. Ní GOPD, níbi tí àwọn tó wá rí dókítà ti ń dúró, wọ́n á pariwo orúkọ ọkùnrin yẹn, òun náà á jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á tún pè é, wọ́n á ju káàdì ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pé kò wá. Kò lè dìde níwájú èrò tó pọ̀ tó yẹn. Ó ti padà sílé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ibà lára. Ẹ ò ní kọ nǹkan míì sórí káàdì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ẹ ò lè pe nọ́ńbà ni? Báńkì ń pe nọ́ńbà.

Sí ìwọ Ọmọ Aládùúrà, tí o bá ní ó ń dà bíi pé wọ́n fọwọ́ sí i, mi ò béèrè kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí mi. Abẹ́rẹ́ ni mo wá gbà.

Oníkẹ́mísìtì

Fámásísìtì ni mí, n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ "oògùn tí kò bá àìsàn mu" yẹn ni mo fẹ́ dì mú torí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń já sí tí ọsibítù bá lé wọn.

Wọ́n á wọlé, wọ́n á dúró títí tí oníbàárà yòókù á fi lọ, wọ́n á ní "jẹdíjẹdí ló ń dà mí láàmú". Gbogbo wa la mọ jẹdíjẹdí, kò sẹ́ni tí kò ní in nílẹ̀ Yorùbá, kò sí ìtìjú níbẹ̀, torí náà ó rọrùn láti fi bojú. Ẹni tó bá ń tà á á fún un ní àgbo, ọtí wà nínú ẹ̀, á mu ún. Ṣùgbọ́n àtọ̀sí lè wà ní ìdí, ó lè wà ní ọ̀fun, àgbo jẹdíjẹdí ò sì mọ̀ ọ́n. Òmíì, nǹkan bí ẹ̀yìn kọ̀ǹkọ̀ ló ń hù yí ojú ihò ìdí ká, fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n á ní ìdí ló yọ. Dókítà tí kò bá bi í léèrè, ojú ara nìkan ló máa yẹ̀ wò, ìtọ̀ nìkan ló máa gbà fún láàbù, èsì á jáde pé kò sí nǹkan kan, ọkùnrin yẹn á sì máa kó o ràn.

Àdùkẹ́, ẹ pè é. Àtọ̀sí tí ẹ ò bá tọ́jú kò ní dúró lára ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n lórí fóònù ẹ má dárúkọ àìsàn, ẹ má dárúkọ wọ́ọ̀dù, ẹ ò mọ ẹni tó máa gbé fóònù ẹ̀. Ẹ ní èsì yín ti jáde, ọjọ́ báyìí ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ bi mí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá dé, ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV fún un, ti sífílíìsì àti ti hepatitis B. Tí ìbálòpọ̀ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ lé lórí bá ṣì wà láàrin wákàtí 72, PEP wà, oògùn ọjọ́ 28 tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè dúró lára. Tí wákàtí 72 bá ti kọjá, ìyẹn ti bọ́, ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò ní fáírọ́ọ̀sì lára, ẹ bá a sọ ti PrEP tí wọ́n ń lò kí wọ́n má baà kó o.

Ti ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ̀wé sókè yẹn náà, mo ń rí wọn. Wọ́n ń wá ra oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, páálí méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń lò ó kí ara lè rí bí ti obìnrin, torí wọn ò rí dókítà tó máa bá wọn ṣètò ẹ̀. Oògùn yẹn tí èèyàn bá ń lò ó ní àlòjù, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀, kó gun ẹ̀dọ̀fóró lọ, pàápàá tó bá ń mu sìgá. Mo máa ń sọ fún wọn. Èmi ò lé wọn torí tí mo bá lé wọn, ẹni tí wọ́n máa lọ bá kò ní sọ nǹkan kan fún wọn.

Ọmọ Dátà

Mo bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ètò HIV, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Màmá. Láàrin gbogbo àgbà ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba tó jáde ní 2019 ní nǹkan bí 1.4 nínú 100 ló ní HIV. Láàrin ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò, ìwádìí ìjọba mìíràn lèyí o, kì í ṣe ti òyìnbó, ó jẹ́ 13.5 nínú 100 ní 2007, ó di 17.2 ní 2010, ó di 22.9 ní 2014, ní 2020 ó ti di 25. Ti transgender sún mọ́ 29. Ti ará ìlú yòókù ń lọ sílẹ̀, tiwọn ń gòkè.

Ẹ wá wo Abuja. Àwọn dókítà kan ti ń tẹ̀ lé irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ láti 2013, kí òfin tó jáde. Wọ́n bi wọ́n bóyá ẹ̀rù ti bà wọ́n rí láti lọ gba ìtọ́jú. Ṣáájú òfin, 25 nínú 100 ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn òfin, 38. Òfin tí Lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún wa pé kò dárúkọ ọsibítù rárá. Kò pọn dandan kó dárúkọ ẹ̀, irú atẹ́ńdáǹtì inú kọ́rídọ̀ yẹn ti bá a dárúkọ ẹ̀.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí sì ń fẹ́yàwó o, ìyá wọn ló ń lé wọn. Ẹ ronú ibi tí fáírọ́ọ̀sì yẹn ń gbà dé ọ̀dọ̀ aboyún tó wà ní ANC yín, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aboyún.

Ìyá Tèmi Leeds

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni mí ní UK, Nàìjíríà ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwa tí a dé síbí náà kó ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wá ni o, inú báàgì kan náà tí a kó gàrí sí. Lọ́dún tí mo dé, transgender kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ mi kan ń fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí lèyí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé kò gbọ́. Kò gbọ́ Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ní èdè. Wọ́n kọ ẹjọ́ ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá PIN ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, lọ. Níbí ìwé òfin iṣẹ́ wa, NMC Code ti àjọ tó ń darí àwọn nọ́ọ̀sì, 20.7, sọ ọ́ pé o ò gbọ́dọ̀ gbé ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn tàbí ìwà tìẹ kalẹ̀ fún aláìsàn lọ́nà tí kò yẹ. Equality Act 2010, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀, sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbèrò àtijápa kó mọ̀ dájú.

Kì í ṣe pé tiwọn náà pé o. Ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó ti di ọkùnrin, tí GP (dókítà àdúgbò ẹ̀) bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọkùnrin, kọ̀ǹpútà ò ní fi lẹ́tà àyẹ̀wò ojú ilé ọmọ ránṣẹ́ sí i mọ́, ilé ọmọ yẹn sì wà níkùn ẹ̀. Èyí tó di obìnrin náà ṣì ní prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀. Tí o ò bá bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́, jẹjẹrẹ ò ní bi ẹ́ kó tó wọlé.

Àdùkẹ́, ohun tí mo máa ń sọ rèé: "Gbogbo èèyàn ni mo máa ń bi ní ìbéèrè yìí, ẹ má bínú: ṣé ọkùnrin lẹ̀ ń bá lò, obìnrin, tàbí méjèèjì?" Mo ń bi bàbá arúgbó, mo ń bi ìyá ìjọ. Nígbà tó jẹ́ gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó máa rò pé ojú ẹ̀ lo wò. Tún béèrè pé orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n máa pè yín. Ó tán.

Bọ̀dá Maryland

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Ní Washington DC nítòsí ọ̀dọ̀ wa, August 1995, mọ́tò kọlu mọ́tò, obìnrin kan tó jẹ́ onídìrí wà nínú ẹ̀, Tyra Hunter lorúkọ ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ panápaná dé láti dóòlà ẹ̀mí ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gé ṣòkòtò ẹ̀ kó lè rí egbò, ó rí i pé ara ọkùnrin ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́. Èrò tó wà níbẹ̀ ló ń pariwo pé ẹ tọ́jú ẹ̀, èèyàn ni. Ó kú ní ọsibítù. Ìyá ẹ̀ gbé ìjọba ìlú lọ sí kóòtù, ní 1998 àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.9 dọ́là fún un.

Ọmọ Aládùúrà

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ìgbàgbọ́ mi ò yí padà o, ẹ jẹ́ kó yé ara wa. Ṣùgbọ́n ti ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó kú sójú títì, rárá, mi ò sí níbẹ̀. Mo sì gbà pé ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ yẹn kò ṣe é dáadáa.

Àdùkẹ́RN

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá wa bù kún gbogbo yín. Mo pè é lẹ́yìn tí mo ka ti Fámásísìtì. Kò gbé e lákọ̀ọ́kọ́. Mo fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, èsì yín ti jáde, alẹ́ ọjọ́ Tuesday ni mo wà. Ó wá. Yàrá ìwọṣọ ni mo mú un lọ, mo fún un ní abẹ́rẹ́ ẹ̀, a gba ẹ̀jẹ̀, kò sẹ́ni tó yọjú. Ó ní ẹ̀rù ọlọ́pàá ló ń ba òun, mo sọ ti Lọ́yà fún un, ó ní ṣé òótọ́ ni, mo ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Mo tún mú section 26 lọ bá ọ̀gá wa nínú fóònù mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n máa fi fáìlì sínú àpòòwé tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí láàbù. Atẹ́ńdáǹtì wa ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò burú.

Ìbéèrè kan ló kù. Ti PrEP, mo gbọ́ pé owó Amẹ́ríkà ti dáwọ́ dúró, ṣé ó ṣì wà?

Ọmọ Dátà

Ó wà, kò wà. Nígbà tí ìjọba Trump dá owó dúró ní January 2025, ààyè tí wọ́n padà fún ètò HIV ní February ní PrEP jẹ́ fún aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn nìkan, wọ́n yọ àwọn tó nílò ẹ̀ jù lọ kúrò. Ààyè yẹn gba ARV, oògùn HIV, láàyè fún ẹni tó ti ní in, ìjọba wa náà fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù lóṣù yẹn láti ra páálí oògùn 150,000. Ti PrEP, ẹ béèrè ní klíníìkì HIV ní ọsibítù ìjọba ńlá tó sún mọ́ yín kí ẹ tó rán an lọ, kó má lọ rìn lásán.

Ẹ Má Bèèrè Orúkọ

Àǹtí Àdùkẹ́, yàtọ̀ sí Tuesday, alẹ́ wo lẹ tún máa ń wà? Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ yẹn, Ọ̀ṣun ló ń gbé.

Àdùkẹ́RN

Ẹ má kọ ọ́ síbí. Ẹ wá sí inbox.